Ìjóná àti Ohun-Ìdáná Oníkábọ̀nì-Díẹ̀: Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Ọ̀mọ̀wé gẹ́gẹ́ bí Ìdánwò fún Ọ̀rọ̀-Ìperí Yorùbá

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe yìí fi hàn pé lójú àwọn tí ó ni èdè, iná ní ẹ̀rí tí ó máa ń fi sílẹ̀. Bí ó bá ń jó lọ́wọ́, èéfín rẹ̀ a rú; bí ó bá kú, eérú a kù nínú ààrò. Ṣùgbọ́n iná kan wà tí kò ní èéfín, tí kò sì ní eérú. Nígbà tí háídírójìn bá ń jó ní ọ̀sán gangan, agbára káká ni ojú fi lè rí i, ooru omi ni ó sì ń fi sílẹ̀. Irú iná báyìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ń fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin wádìí lónìí, nítorí pé ayé ń wá ohun tí yóò rọ́pò èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì inú ilẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan olùkọ́ èdè àti ògbufọ̀ kò fara sin. Ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ nípa iná tí kò ní èéfín ní èdè tí ó ń fi èéfín dá iná mọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò. Àpilẹ̀kọ yìí tẹ̀lé iṣẹ́ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì yẹ ọ̀rọ̀-ìperí tí ìpele kọ̀ọ̀kan ń béèrè wò. Ohun tí ó fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ tí onímọ̀ ìjóná rí nínú iná ni ọ̀rọ̀-ìperí gbọ́dọ̀ fi hàn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti pa ìyàtọ̀ náà rẹ́, kì í ṣe ẹwà èdè nìkan ni ó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà, ó sì lè pa á lára.

2. Akẹ́kọ̀ọ́ náà àti ibi iṣẹ́ rẹ̀

Yunifásítì Cardiff, ní Wales, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí òkìkí wọn kàn nínú ìwádìí lórí ìjóná ámóníà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wọ irú ibi bẹ́ẹ̀ kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan iná. Ìwé kíkà ni ó máa ń gba àwọn oṣù ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí òun àti olùdarí ìwádìí rẹ̀ jọ gbé kalẹ̀ lè dàbí ohun kékeré: báwo ni ènìyàn ṣe lè jó ámóníà nínú ẹ̀rọ tọ́báìnì kí iná náà má baà kú, kí afẹ́fẹ́ burúkú má sì jáde? Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí tó iṣẹ́ ọdún mẹ́rin.

Kí ó tó ṣí ẹnu ọ̀pá gáàsì rárá, yóò kọ ìwé tí ó to gbogbo ewu iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú ohun tí yóò ṣe bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ṣẹlẹ̀. Ámóníà a máa ta ènìyàn nímú, ó sì lè ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìwọ̀n tí òfin ilẹ̀ Brítéènì gbà fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 ni ìdá 25 péré nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ń kéde jíjò gáàsì a máa wà lára ògiri, yàrá mìíràn sì ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń darí iná rẹ̀. Ojú gíláàsì tí ooru kì í fọ́ àti kámẹ́rà ni ó fi ń wò ó.

Ẹni tí ó bá ti dúró ní ilé arọ yóò rí ohun tí ó jọra níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ a máa fẹ́ ẹwìrì, a máa wo àwọ̀ irin nínú iná, a sì mọ ìgbà tí ooru tó. Ohun tí alágbẹ̀dẹ ń fi ojú àti ìrírí wọ̀n ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń fi ẹ̀rọ wọ̀n: iye gíráàmù afẹ́fẹ́ tí ó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye ohun tí ń jó, ìwọ̀n ooru, àti ohun tí ó jáde lẹ́yìn ìjóná. Ọjọ́ tí iná fi ń jó kò pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè lọ sórí wíwá ibi tí ọ̀pá kan ti ń jò, kí iṣẹ́ wákàtí méjì tó lè wáyé.

3. Ohun-ìdáná: epo kọ́

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń yọ ògbufọ̀ lẹ́nu nínú iṣẹ́ yìí ni èyí tí yóò dúró fún gbogbo ohun tí ènìyàn ń jó kí ó lè rí ooru tàbí agbára. Ọ̀pọ̀ a máa pè é ní epo, nítorí pé epo ni wọ́n ń rà sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ohun olómi ni epo lédè Yorùbá, ìbáà ṣe epo pupa, ìbáà ṣe epo bẹntiróòlù. Háídírójìn kì í ṣe epo. Afẹ́fẹ́ ni, kì í sì í di olómi àfi bí òtútù rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 253 lọ sí ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ámóníà a máa di olómi ní ìwọ̀n 33 sí ìsàlẹ̀ òdo, síbẹ̀ kò sí ọ̀nà tí yóò fi jẹ́ epo. Igi àti èédú pàápàá kì í ṣe epo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa sì ń jó wọn.

Èdè ti pèsè ohun tí ó tó fún ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí. Igi ìdáná ni igi tí a yà sọ́tọ̀ fún iná. Ọ̀rọ̀-ìṣe dáná ni ó gba àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-, tí ó sì ń yán igi. Bí ohun bá gba ipò igi, ohun-ìdáná ni yóò jẹ́, ó sì lè gba èédú, epo, gáàsì, háídírójìn àti ámóníà láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé oúnjẹ ni ènìyàn ń fi ìdáná sè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n dídá iná ni ìpìlẹ̀ ìtumọ̀ dáná. Oúnjẹ sísè jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ dá a.

Àkíyèsí kan ṣe pàtàkì fún àwọn tí ń tẹ ìwé. Ìdáná àti ìdána kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ana ni ó wà nínú èkejì. Ẹni tí ó bá yọ àmì ohùn kúrò lè sọ ohun tí ń jó nínú ẹ̀rọ di ẹrù ìyàwó.

Ámóníà gẹ́gẹ́ bí ohun-ìdáná kì í ṣe àrà tuntun pátápátá. Ní ọdún 1943, nígbà tí ogun mú kí epo dísù wọ́n ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn bọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ fi ámóníà àti gáàsì èédú rìn. Nígbà tí epo padà dé, wọ́n pa á tì. Ohun tí ó tún gbé e dìde ní àkókò yìí ni ọ̀rọ̀ kábọ̀nì.

4. Kábọ̀nì: èédú kọ́

Ó rọrùn láti pe kábọ̀nì ní èédú, nítorí pé kábọ̀nì ni ó pọ̀ jù nínú èédú. Ṣùgbọ́n kábọ̀nì wà nínú ṣúgà, nínú ẹran ara, nínú dáyámọ́ńdì, àti nínú afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí síta. Ẹni tí ó bá kọ ohun-ìdáná eléèédú-díẹ̀ ti mú òǹkàwé rò pé ẹnì kan da èédú kíún mọ́ ohun mìíràn. Bí ọ̀ràn ti rí kọ́ nìyẹn.

Ìtàn orúkọ àwọn èròjà ìpìlẹ̀ kọ́ ni lẹ́kọ̀ọ́ lórí èyí. Ní ọdún 1787, ní Paris, Guyton de Morveau, Lavoisier, Berthollet àti Fourcroy gbé ètò orúkọ tuntun kalẹ̀ fún ìmọ̀ kẹ́místírì. Láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti ṣẹ̀dá háídírójìn, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó bí omi. Orúkọ náà tọ́: kìlógíráàmù 1 háídírójìn tí ó bá jó tán yóò di nǹkan bí kìlógíráàmù 9 omi. Wọ́n ṣẹ̀dá ọ́síjìn bákan náà, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó bí ásíìdì, nítorí Lavoisier gbà pé kò sí ásíìdì tí kò ní ọ́síjìn nínú. Ní ọdún 1810, Humphry Davy fi hàn pé ásíìdì kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀, èyí tí wọ́n ń rí láti inú iyọ̀, kò ní ọ́síjìn nínú rárá. Èrò náà kú, orúkọ kò kú.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ tí ènìyàn gbé ka orí àlàyé lè pẹ́ láyé ju àlàyé náà lọ. Nítorí náà, ó sàn kí orúkọ àwọn èròjà ìpìlẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò: kábọ̀nì, háídírójìn, ọ́síjìn, náítírójìn. Ọ̀rọ̀ àyálò kò ṣe ìlérí kankan nípa ohun tí ó ń dárúkọ, kò sì lè purọ́ nípa rẹ̀. Ní ti ìṣe àti ìṣẹ̀lẹ̀ tí ojú ń rí, ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ ni ó yẹ, nítorí pé ó ti ní gbòǹgbò lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́.

Lórí ìpìlẹ̀ yìí, ohun-ìdáná oníkábọ̀nì-díẹ̀ àti ohun-ìdáná aláìníkábọ̀nì jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mítéènì, tí ó pọ̀ jù nínú gáàsì inú ilẹ̀, ní átọ́ọ̀mù kábọ̀nì 1 àti háídírójìn 4. Ámóníà ní náítírójìn 1 àti háídírójìn 3, kò sì ní kábọ̀nì rárá. Síbẹ̀, ohun tí ohun-ìdáná jẹ́ yàtọ̀ sí bí ó ṣe dé ọwọ́ ẹni. Bí wọ́n bá fi ooru omi fa háídírójìn jáde láti inú mítéènì, kìlógíráàmù 1 rẹ̀ lè mú kìlógíráàmù 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ káboni-díọ́ksáìdì wọ inú afẹ́fẹ́ kí ó tó dé ibi tí wọn yóò ti jó o. Aláìníkábọ̀nì ń sọ nípa mólíkù. Oníkábọ̀nì-díẹ̀ ń sọ nípa gbogbo ọ̀nà tí ohun-ìdáná náà gbà. Ògbufọ̀ tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ti ṣe ìpolówó fún ọlọ́jà láìmọ̀.

5. Ìgbiná, ọ̀wọ́-iná àti ìyára-ìràn

Ẹrù pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná lédè Yorùbá. Ó ń dúró fún ohun tí ń jó, fún fìtílà, fún agbára mànàmáná, àní fún kòkòrò orí pàápàá. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé tọ́báìnì ń fi iná ṣe iná kò tíì sọ nǹkan kan. Nítorí náà, ìjóná ni ó yẹ fún ìṣesí láàárín ohun-ìdáná àti ọ́síjìn. Ọ̀wọ́-iná, tí àwọn òǹkàwé Bíbélì Yorùbá ti mọ̀, fún ibi tí ìjóná náà ti ń ṣẹlẹ̀ tí ó sì ń tàn. Iná mànàmáná fún èyí tí ń gba inú wáyà. Ìṣáná ti jẹ́ orúkọ ohun tí wọ́n ń ṣá, kò sì lè jẹ́ orúkọ bí ìjóná ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìgbiná, láti ara gbiná, ni ó bá a mu.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń wọ̀n jù lọ ni bí ọ̀wọ́-iná ṣe ń yára wọ inú àdàlù ohun-ìdáná àti afẹ́fẹ́ tí kò tíì jó. Yorùbá a máa sọ pé iná ràn mọ́ ilé kejì. Àrùn náà a sì máa ràn. Ìyára-ìràn ni orúkọ tí ó yẹ ìwọ̀n yìí. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, bí ohun-ìdáná àti ọ́síjìn bá ṣe déédé, ìyára-ìràn mítéènì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 37 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ámóníà kò ju nǹkan bíi 7 lọ. Ti háídírójìn ju 200 lọ. Bákan náà, àdàlù tí ó lè jó ní ààlà: háídírójìn a máa jó nínú afẹ́fẹ́ láti ìdá 4 títí dé ìdá 75 nínú 100, mítéènì láti 5 dé 15, ámóníà láti 15 dé 28.

Nọ́ńbà wọ̀nyí ni ó di wàhálà akẹ́kọ̀ọ́. Bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ bá ń sáré ju bí ọ̀wọ́-iná ṣe lè ràn lọ, afẹ́fẹ́ náà yóò fẹ́ ẹ pa. Ìfẹ́pa nìyẹn, ohun tí ń ṣe ámóníà sì ni. Bí ọ̀wọ́-iná bá ń sáré ju afẹ́fẹ́ lọ, yóò padà wọ inú ọ̀pá tí ohun-ìdáná ń gbà bọ̀. Ìpadàwọ̀pá nìyẹn, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù lọ́dọ̀ háídírójìn sì ni. Ọ̀kan lọ́ra jù, èkejì yá jù. Wọ́n wá ń da àwọn méjèèjì pọ̀. Àdàlù tí ó ní ìdá 70 ámóníà àti ìdá 30 háídírójìn wà lára àwọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò jù lọ.

6. Àìní-èéfín kì í ṣe àìléwu

Ibí yìí ni èdè ti lè ṣe ìpalára jù. Bí wọ́n bá sọ fún ènìyàn pé iná kan kò ní èéfín, yóò gbà pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Èéfín tí ojú ń rí jẹ́ kíún-kíún kábọ̀nì tí kò jó tán. Nítorí náà, níbi tí kábọ̀nì kò bá sí, irú èéfín bẹ́ẹ̀ kò lè sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀wọ́-iná bá gbóná kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 1,500 Celsius, náítírójìn àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ fúnra wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í dàpọ̀ di afẹ́fẹ́ tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Zeldovich, onímọ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni ó ṣàlàyé ọ̀nà tí èyí ń gbà ṣẹlẹ̀. Ní ti ámóníà, náítírójìn wà nínú ohun-ìdáná náà gan-an, ọ̀nà ewu sì di méjì. Bí iná bá wá tutù jù, náítírọ́ọ̀sì ọ́ksáìdì lè jáde, èyí tí kìlógíráàmù 1 rẹ̀ ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po 273 ju ti káboni-díọ́ksáìdì lọ, bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ fún 100 ọdún. Díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti sọ èrè àìníkábọ̀nì di òfo.

Orúkọ tí ó yẹ ohun tí ń jáde lẹ́yìn ìjóná, ìbáà ní èéfín, ìbáà má ní, ni afẹ́fẹ́-àjókù. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣàjèjì: àjẹkù, àlòkù, àjókù. Ohun-ìdáná tí ó gba inú ọ̀wọ́-iná kọjá láìjó ni àìjó. Bí ámóníà àìjó bá wà nínú afẹ́fẹ́-àjókù, akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Wales nìkan. Ní ọdún 2022 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ ńlá kan ní Lẹ́kkí, ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí wọ́n ti ń fi gáàsì inú ilẹ̀ ṣe ámóníà kí wọ́n tó sọ ọ́ di ajílẹ̀. Ibikíbi tí ámóníà bá wà láàárín àwọn tí ń sọ Yorùbá, ìkìlọ̀ yóò wà lára ògiri. Bí ìkìlọ̀ náà bá sọ pé kí ènìyàn sá bí ó bá rí èéfín, yóò dúró de èéfín, ámóníà tí ń jò kò sì ní àwọ̀ tí ojú lè rí. Bí ó bá sọ pé ámóníà ń jò, kí ènìyàn sá bí òórùn rẹ̀ bá ta á nímú, ó ti dá ẹ̀mí sí. Ní ti háídírójìn, ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wá ọ̀wọ́-iná rẹ̀: wọn a na ìgbálẹ̀ síwájú bí wọ́n ti ń rìn, kí ìgbálẹ̀ lè gbiná kí ara tó kàn án. Ọ̀rọ̀-ìperí tí ó tọ́ ń ṣe irú iṣẹ́ ìgbálẹ̀ yẹn.

7. Ìwé àpilẹ̀kọ àti ìdáhùn

Ní ọdún kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ náà a ti máa fi ohun tí ó wọ̀n wé ohun tí kọ̀ǹpútà ṣírò. Ìjóná tí ó dàbí ìṣesí kan ṣoṣo lójú jẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìṣesí tí ń ṣẹlẹ̀ léraléra. Àtòjọ kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa fún gáàsì inú ilẹ̀, GRI-Mech 3.0, ní èròjà 53 àti ìṣesí 325. Bí ìṣirò àti ìwọ̀n kò bá bára mu, ẹ̀bi lè wà lára ẹ̀rọ, ó lè wà lára àtòjọ, ó sì lè wà lára ẹni tí ó wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ oṣù ń lọ sórí àtimọ èyí tí ó jẹ́. Àwọ̀ ọ̀wọ́-iná náà a máa ràn án lọ́wọ́: ti mítéènì a máa dúdú bí aró tí kò kì, ti ámóníà a máa pọ́n bí ọsàn tí ó ti pọ́n. Ní òpin rẹ̀, yóò kọ ìwé àpilẹ̀kọ, yóò sì jókòó níwájú àwọn olùyẹ̀wò láti fi ẹnu gbèjà gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, ìyá rẹ̀ nílé jẹ́ olùyẹ̀wò mìíràn. Ìyá yóò béèrè ohun tí ọmọ ń kọ́ láti ọjọ́ yìí. Bí ó bá dáhùn pé, “Iná ni mò ń kọ́, mà,” ìyá lè rò pé iṣẹ́ wáyà ni, kí ó sì máa ṣe kàyéfì pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ sọdá òkun. Bí ó bá wí pé, “Mò ń wá ohun-ìdáná tí kò ní kábọ̀nì, mà, kí ọ̀wọ́-iná rẹ̀ má kú, kí àjókù rẹ̀ má sì pa ènìyàn lára,” ìbéèrè tí ìyá yóò béèrè tẹ̀lé e yóò jẹ́ ìbéèrè gidi.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò nìwọ̀nyí:

Ìjóná: ìṣesí ohun-ìdáná pẹ̀lú ọ́síjìn, tí ó ń mú ooru wá.
Ohun-ìdáná: ohunkóhun tí ènìyàn ń jó fún ooru tàbí agbára.
Ohun-ìdáná aláìníkábọ̀nì: èyí tí kò ní kábọ̀nì nínú mólíkù rẹ̀.
Ohun-ìdáná oníkábọ̀nì-díẹ̀: èyí tí káboni-díọ́ksáìdì rẹ̀ kéré láti ibi tí wọ́n ti ṣe é títí dé ibi tí wọ́n ti jó o.
Ìgbiná: ìbẹ̀rẹ̀ ìjóná.
Ọ̀wọ́-iná: ibi tí ìjóná ti ń ṣẹlẹ̀ tí ó sì ń tàn.
Ìyára-ìràn: bí ọ̀wọ́-iná ṣe ń yára wọ inú àdàlù tí kò tíì jó.
Ìfẹ́pa: kíkú ọ̀wọ́-iná nítorí eré afẹ́fẹ́.
Ìpadàwọ̀pá: pípadà ọ̀wọ́-iná sínú ọ̀pá ohun-ìdáná.
Afẹ́fẹ́-àjókù: afẹ́fẹ́ tí ó kù lẹ́yìn ìjóná.
Àìjó: ohun-ìdáná tí ó jáde láìjó.

Ní ọdún 1970, Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ gbogbo àfi Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì kò sì gbẹ́yìn. Ohun tí ètò náà fi hàn ni pé èdè náà lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ jókòó ti àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ìyàtọ̀ tí wọ́n ń rí, kí wọ́n tó dárúkọ ohunkóhun. Iná tí kò ní eérú ti dé; kò ní ohun tí yóò fi bojú bí ó bá kú. Orúkọ tí ó tọ́ ni ènìyàn yóò fi mọ̀ ọ́n.